Òjò Dídì Lórí Òkè Ìjẹ̀ṣà

Mi ò tíì fi ojú mi rí òjò dídì rí, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, fún bí oṣù méjì gbáko, èmi ni mo ń kó o jọ sórí àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ẹni tó rí i. Àwọn àgbẹ̀ ń lọ sóko, àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ́ ẹsẹ̀ kọjá nínú ẹrọ̀fọ̀, oòrùn ń ràn, òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi ní Òṣogbo, òjò tó ń rọ̀ sórí wọn ti dì, ó sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Èmi gan-an kò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù títí di òní nìyẹn, pé mo jókòó ti nǹkan náà, mo ń fi ẹ̀pà jẹ bọ̀ọ̀lì, mi ò sì mọ̀.

Ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ló gbà mí sí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n èmi fi yangàn. Àyà mi máa ń já lórí ohun kékeré. Bí ẹni tí mi ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ bá pè mí lórí fóònù, màá jẹ́ kó dún pẹ́ ná kí n tó gbé e. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ tí kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n nínú ọ́fíìsì náà, ó dà bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní àga láyé. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìgbéraga yẹn wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ náà ni ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ṣe. Mọ́dẹ́lì là ń pè é. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń sín odò jẹ. Wàá sọ fún un iye òjò tó rọ̀ lókè odò àti bí ooru ọjọ́ náà ṣe tó. Òun á ṣírò èyí tí ilẹ̀ á mu, èyí tí oòrùn á fà, àti èyí tó máa ṣàn délẹ̀, yóò wá fa ìlà kan tó ń sọ bí omi Ọ̀ṣun ṣe máa ga tó ní Òṣogbo lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ṣe é kọ ìwé ńlá kan tì í, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwé náà tó dá lórí òjò dídì. Mo kà á bí ẹni ń ka ìtàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú Bíbélì, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òjò dídì. Yìnyín ni àwa mọ̀, èyí tó máa ń bá ìjì wá, tí àwọn ọmọdé á fi abọ́ gbà, tí yóò sì ti di omi kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Tiwọn lọ́hùn-ún kì í tètè lọ. Ó lè rọ̀ lónìí kó jókòó sórí òkè fún oṣù mẹ́rin, kí odò ìsàlẹ̀ má mọ̀ pé òjò rọ̀ rárá, títí ooru yóò fi dé tí gbogbo rẹ̀ á yọ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mọ́dẹ́lì náà ṣe ń ṣe é rọrùn. Ó ní ààlà kan. Bí ooru ọjọ́ kan bá lọ sílẹ̀ ju dígírì kan lọ, ó gbà pé òjò ọjọ́ náà ti dì, kò sì ní jẹ́ kó dé odò. Yóò kó o sínú àká kan, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo. Bí ooru bá kọjá ààlà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bù nínú àká náà: iye dígírì tí ooru bá fi kọjá ni yóò sọ iye tí yóò yọ́.

Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ odò, wo ojú kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ kan.

"Kí ni gbogbo èyí?"

"Ibi òjò dídì ni, mà."

"Pa á. Yìnyín wo ló ń gbé Ìjẹ̀ṣà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Bí ooru wa kò bá débẹ̀, kò kúkú ní ṣe nǹkan kan."

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Bàbá Oníyìnyín. Máa tọ́jú rẹ̀."

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi nínú ọ́fíìsì. Mo gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Mi ò pa ibẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ìdí míì. Ó dùn mọ́ mi pé mo mọ bí òjò dídì ṣe ń yọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó bi mí.

Ìyá ìyá mi ń gbé létí Ọ̀ṣun, nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, èyí tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dà lọ sí odò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́. Láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, kí n tó dáyé, omi ti wọ ilé náà rí. Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní Iléṣà, kò gbàgbé. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi gbogbo oṣù kẹjọ rọ̀ láìsinmi bó ṣe yẹ, ìyá mi wá sí Òṣogbo lọ́jọ́ Àìkú kan, a sì jókòó ní pálọ̀ Ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká kó yín lọ sí Dàda Estate kí òjò tó le. Àkọ́bí mi ní yàrá tó ṣófo lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ kó ta ni? Ṣé èmi ni ẹrù?"

"Ẹ̀rù omi ló ń bà mí."

"Bàbá rẹ wà nínú pálọ̀ yìí." Ìyá àgbà fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lábẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n sin bàbá àgbà sí. "Ta ni kó jókòó tì í? Omi?"

Ìyá àgbà wá kọ ojú sí mi. "Ọkọ mi, ìwọ tó ń fi ẹ̀rọ wo odò fún ìjọba, ìwọ ni kó o dá ẹjọ́ yìí. Ṣé omi ń bọ̀ àbí kò bọ̀? Bí o bá ní ó ń bọ̀, màá dìde lónìí. Bí o bá ní kò bọ̀, kí ìyá rẹ má yọ mí lẹ́nu mọ́."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì mí. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì.

Mo ṣe é bí mo ṣe rò pé ó yẹ. Mo kó àkọsílẹ̀ gbogbo ibùdó tí wọ́n ti ń wọn òjò lókè odò jọ, mo ní kí mọ́dẹ́lì náà ṣírò wọn, mo tún ní kó ṣírò wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà odò náà sùn gbọọrọ sísàlẹ̀, ó jìnnà sí ìlà pupa tí mo fà sí ibi tí bèbè dé. Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà, torí mo fẹ́ sọ ọ́ lójú wọn.

"Ìyá, odò kò ní kọjá bèbè. Ẹ jókòó sílé yín."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀rọ náà kì í purọ́, Ìyá."

Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n sì fi mí pa á lẹ́nu mọ́. Èmi náà jókòó níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé nǹkan kan kò dára, èmi sì ń bá ara mi jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà lọ síbẹ̀, akàn méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kànga àdúgbò, tí a máa ń ju okùn gígùn sí, ẹnìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bu omi rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò ti kúrò lórí àpáta tí mo mọ̀ wọ́n sí láti kékeré, wọ́n ti gòkè sí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo dé ọ́fíìsì, mo ṣí mọ́dẹ́lì. Ó ní odò sùn. Mo wá gba ẹ̀rọ gbọ́ ju akàn lọ.

Ohun kan wà tí mo rí tí mo fojú fò. Òjò tó ń wọ inú mọ́dẹ́lì náà pọ̀ gan-an, omi tó ń jáde nínú rẹ̀ kéré. Ọ̀gá mi pàápàá bi mí: "Níbo ni òjò yìí ń lọ?"

"Ilẹ̀ ló ń mu ún, mà. Ọ̀dá tó kọjá ti gbẹ ilẹ̀ gan-an."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹni tó mọ̀. Mi ò mọ̀. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú àká òjò dídì; mi ò ṣí i rí lẹ́yìn tí mo ti parí ìwé kíkà náà. Kí ló máa wà níbẹ̀? Ta ló ń yẹ àká tó mọ̀ pé ó ṣófo wò?

Ibùdó òjò tó ṣe pàtàkì jù fún wa wà ní Ọ̀tan-Ilé. Bàbá kan tó ti ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí ló ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á wo agolo òjò, wọ́n á wo tẹmómítà tó wà nínú àpótí funfun kan, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé kíkọ ọmọ ilé ìwé: ìlà kan fún òjò, ìlà kan fún ooru. Ọmọ wọn obìnrin ló ń ya ojú ìwé náà, tó ń fi í ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Bàbá náà kì í fi Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé yẹn rárá. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, wọn kì í fa òdo. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ: òfo. Mo mọ òfo. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò náà ń pè é bẹ́ẹ̀, góòlù méjì sí òfo. Níbi tí mo bá ti rí òfo, mo ń tẹ òdo, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kíákíá.

Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá mi ní kí n lọ gba ìwé náà fúnra mi, torí àwòrán orí fóònù kò mọ́ tó. Mo dé Ọ̀tan-Ilé láàárọ̀. Òjò ti ń rọ̀ bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni; ojú ọ̀nà pupa, koríko dùbúlẹ̀. Bàbá náà bá mi sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà; mo kọ ọ́ síbí bí etí Òṣogbo tèmi ṣe gbọ́ ọ.

"Ìwọ ni Wọ́sáàpù?"

"Èmi ni, sà."

"O kéré. Mo rò pé o nírùngbọ̀n. Jókòó. Ó ti ń rọ̀ láti ìjẹrin. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da agolo nù."

Mo kí wọn, mo gba ìwé, mo sì ní kí n wo ibùdó náà kí n tó máa lọ. Agolo òjò wà ní ìdúró. Ilẹ̀kùn àpótí funfun náà sì ń fì. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Adìẹ kan ló wà níbẹ̀, ó sàba.

"Bàbá, tẹmómítà dà?"

"Tẹmómítà wo? Èyí tí ewúrẹ́ fi orí kàn lulẹ̀ kí àgbàdo tuntun tó jáde? Ó ti fọ́ tipẹ́. Ṣé o kì í ka ìwé mi ni?"

"Mo ń kà á, sà. Ẹ kọ ooru síbẹ̀ lójoojúmọ́."

"Mo kọ ọ́ níbo?" Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ ìlà ooru wálẹ̀. "Òfo. Òfo. Òfo. Kí ni ìyẹn? Inú àpótí ṣófo. Ṣé o fẹ́ kí n máa purọ́ ooru ni?"

"Ṣùgbọ́n níbi òjò náà ẹ kọ òfo."

"Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Agolo ṣófo." Wọ́n wojú mi bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ káàárẹ̀ lórí ìṣirò. "Òfo ni òfo. Ìwọ kí lo kọ?"

"Òdo, sà."

"Òdo ooru? Ní Ọ̀tan-Ilé?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín tí ọmọ wọn fi yọjú láti inú ilé. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí ti pa gbogbo wa, òtútù ti mú gbogbo wa gan!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí pèpéle wọn, mo sì ṣí láptọ́ọ̀pù mi.

Mo wá ń gbìyànjú láti sọ bí ó ṣe rí lára mi, torí pé lọ́jọ́ náà mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rántí pé òun fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò, tó sì ti rìn jìnnà sílé. Mo ṣí fáìlì àká náà. Kò ṣófo. Láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ ti fọ́ tẹmómítà, gbogbo òjò tó rọ̀ lórí òkè yẹn ti dì nínú mọ́dẹ́lì mi. Kò sí ìkan nínú rẹ̀ tó yọ́, torí pé ní òdo, kò sí ohun tó ń yọ́. Bí wọ́n bá tú omi inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dé orúnkún mi ní gbogbo àyíká ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀rọ náà kò kígbe. Kí ló máa mú un kígbe? Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n bí i sí. Kò sí ohun àjèjì fún un nínú òdo. Ènìyàn kan ṣoṣo tó yẹ kó mọ̀ pé ooru kì í jẹ́ òdo ní Ìjẹ̀ṣà ni ọmọ ilẹ̀ náà tó jókòó tì í. Òdo tí mo tẹ̀ ti gbé odò mì.

Mo ní ìwé ooru ti ibùdó Òṣú, ìlú Ìjẹ̀ṣà míì, lórí ẹ̀rọ náà. Mo kó o sí ipò àwọn òfo yẹn, mo tẹ òjò ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn mọ́ ọn látinú ìwé Bàbá náà, mo sì ní kí mọ́dẹ́lì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Ìlà tó ti sùn gbọọrọ bí ejò tó yó láti oṣù méjì gbé orí sókè. Ó gòkè, ó gòkè, ó kọjá ìlà pupa mi lọ́jọ́ kejì, ó sì ń lọ.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀la.

Mo pe Ìyá àgbà. Fóònù wọn ti kú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Dàda Estate. Kò gbé e, ó wà níbi iṣẹ́. Mo pe ìyá mi ní Iléṣà, mo kàn sọ pé "Mo ṣàṣìṣe," wọn kò sì bi mí irú àṣìṣe tó jẹ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dákẹ́. Mo pe ọ̀gá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní, "Àwọn ará etí odò tó kù, fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Lọ gbé ìyá àgbà rẹ." Bí wọ́n bá ti bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Gbogbo ọ̀nà tí mọ́tò gbà padà, gbogbo odò kékeré tí a gba orí afárá wọn kọjá ló ti pọ́n, tí ó sì ń sáré lọ síbi tí èmi náà ń lọ.

Oòrùn ń ràn ní Òṣogbo. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ojú ọ̀run mọ́ láú, aṣọ ń gbẹ lórí okùn. Ìyá àgbà jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí, obìnrin ayálégbé kan tó ń gbé yàrá iwájú jókòó tì wọ́n. Odò wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó kún, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàárín bèbè rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ká máa lọ síbo? O ò tilẹ̀ kí ènìyàn."

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Dàda ni. Odò ń bọ̀."

"Odò tí o ní kò bọ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ kó dùn ún gbọ́. "Mo fi àṣìṣe sọ fún ẹ̀rọ náà pé òtútù ńlá mú ní Ìjẹ̀ṣà. Ó wá gbà pé gbogbo òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún di yìnyín, pé ó ṣì wà lórí òkè, pé kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Kò sì sí yìnyín kankan níbẹ̀. Omi ni. Ó ti ń bọ̀ lọ́nà."

Ayálégbé náà pàtẹ́wọ́. "Yìnyín tó gbé òkè fún oṣù méjì! Ta ló gba ilé fún un?"

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀gúsí sì dà sílẹ̀ lórí itan wọn. "Ọkọ mi, òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí. Yìnyín kì í sùn níbẹ̀ mọ́jú."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀."

"Ẹ̀rọ tó gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́," ohùn wọn rọ̀, wọn kò pariwo, "òun náà lo tún ní kí n gbọ́ tiẹ̀ lónìí?"

Mo ti wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, mi ò rí i. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní bí wọn kò bá gbà mí gbọ́, kí wọ́n ṣàánú mi. Wọ́n ní mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ pé kí wọ́n jókòó, àti pé àgbà kì í sá fún omi tí kò tíì rí, kí ó fi òkú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí yìnyín. Wọ́n ní bó bá di ọ̀la tí ojú odò bá yí padà, àwọn á mọ̀. Mo sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò dún bí omi. Ó dún bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn ògiri, tí wọn kò fẹ́ kí a gbọ́ wọn. Mo fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ilẹ̀ tutù, ó sì ń rìn. Mo sáré wọ yàrá. Ìyá àgbà ti jí, wọ́n jókòó létí ibùsùn, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà nínú omi pupa tó ń gbé igi àgbàdo kọjá lábẹ́ wọn.

"Ó ti dé," ni wọ́n sọ. Wọn kò wo ojú mi.

Èmi àti ọkọ ayálégbé yẹn gbé wọn jáde lórí àga ike, omi dé itan wa lójú ọ̀nà. Wọ́n di etí àga mú, wọ́n ń pe orúkọ ọkọ wọn, ohùn wọn kò le, bí ẹni ń kí ẹni tó ń sùn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé ibi tó ga ni ògiri ẹ̀yìn wó. Kò pariwo púpọ̀. Ilé alámọ̀ kì í pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀. Omi gba inú pálọ̀ kọjá láti ẹ̀yìn jáde síwájú, ó sì dúró lórí ibi tí wọ́n sin bàbá àgbà sí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kò sí ẹni tó kú ní àdúgbò wa. Ọ̀gá mi ti ránṣẹ́ sí àwọn ilé etí odò láti ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀pọ̀ ti jáde. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò tíì pa irọ́ fún wọn rí. Ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n fi ìyẹn tu ara mi nínú. Mo ń gbìyànjú.

Ìyá àgbà gbé Dàda Estate láti ìgbà náà títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi tán. Wọn kò bínú sí mi; ìbínú ni mo retí, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé wá, wọ́n ń gbàdúrà fún mi, wọ́n ń pè mí ní ọkọ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọn kò kàn bi mí ní ohunkóhun nípa omi mọ́. Bí òjò bá ṣú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń pè sí fèrèsé: "Wá bá mi wo ojú ọ̀run." Èmi á wà níbẹ̀ lórí àga, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mi lórí ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ògiri náà mọ, wọ́n padà sílé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tuntun rẹ́ abẹ́ fèrèsé ná kí wọ́n tó rẹ́ ibòmíì.

Òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti pa apá òjò dídì inú mọ́dẹ́lì náà, mo sì ń yẹ gbogbo ìlà wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlà odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí. Kò tíì dé ìlà pupa, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbẹ̀, kò sì sí àṣìṣe tí mo lè rí nínú rẹ̀. Mo wá a. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí n rí àṣìṣe kan.

Mo pe Ìyá àgbà láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ odò lẹ́yìn ohùn wọn.

"Ìyá, ó dà bíi pé omi máa pọ̀ lọ́dún yìí náà."

"O ní kí n jókòó, mo jókòó," ni wọ́n wí. "O ní kí n dìde, mi ò dìde. Àwa méjèèjì la ṣì í, ọkọ mi. Èyí tó kù yìí, jẹ́ kí èmi nìkan dá a rò."

Wọ́n kí mi pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, wọ́n sì pa fóònù náà.